Ẹ́ńjìnnì Elérìgì

Ó lé ní ọdún kan tí eyín bàbá mi fi wà nínú ife gíláàsì lójú fèrèsé yàrá wọn, nínú omi tí ìyàwó mi ń pààrọ̀ láràárọ̀. Èmi ni mo ṣe eyín náà. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi nìyẹn. Ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ibi tí àwọn dókítà ti ń yọ eyín, yàrá kékeré kan wà tí àwa ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti lọ. Láti Ìlọrà ni mo ti ń lọ, ibẹ̀ náà ni mo ń padà sí ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà mìíràn mo máa wà nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan á rẹ́rìn-ín ní ìjókòó iwájú, màá sì dá eyín mi mọ̀. Ẹnu kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó gbà á jù lọ ni kò gbà á.

Bàbá mi ń gbẹ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, mi ò sì ní fi bò. Fìlà tó máa ń ṣe wẹ́kú lórí wọn ti ń já bọ́ sí wọn létí, aago ọwọ́ wọn sì ti ń rìn lọ sí ìgúnpá. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jẹran tán, ológbò abẹ́ tábìlì ò ní rí nǹkan kan he, ẹ̀kọ mímu àti iṣu tí a fi ọbẹ̀ pò ló kù tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n á kọjú sógiri jẹ ẹ́, wọ́n ní ẹnu àwọn ń lọ bíi tewúrẹ́, àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wòran. Ọ̀rọ̀ pàápàá wọ́n lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á sọ díẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Kì í sì í ṣe èèyàn tó ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tiwa, kò sí eyín tuntun tí kì í gún ẹni tó ni ín. Bí a bá gbé e fún èèyàn lónìí, lọ́la á padà wá: “Ọ̀gá, ó ń gún mi níbí o.” Inú wa máa ń dùn sí ẹjọ́ yẹn. A ó mú fáìlì tí a fi ń rẹ́ ẹ, a ó ha ibi tó ga, á tún fi í sẹ́nu, á ní ó kù díẹ̀, a ó tún ha á. Ẹni tó ń ráhùn ni eyín ń bá lẹ́nu mu. Ẹni tí kò bá sọ nǹkan kan, inú ife ni tirẹ̀ ń gbé.

Bàbá mi ò ráhùn. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá àlùwàlá á gún bí eyín tí kì í ṣe tara bá wà lẹ́nu. Mo lọ bá ààfáà wọn, ààfáà rẹ́rìn-ín, ó sì wá sílé fúnra rẹ̀ láti sọ fún wọn pé kò léwu, kí wọ́n yọ ọ́ fọ ẹnu, kí wọ́n sì dá a padà. Bàbá dúpẹ́, wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi eyín sílẹ̀ síbi tó wà. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó wúwo. Nígbà tó tún yá, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, “Bàbá, níbo ló ti ń dùn yín gan-an?”, wọ́n á ní ṣé mo rí bí koríko ṣe bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, àbí ojú mi ò ríran mọ́ ni.

Mo ti rò ó títí. Ọjọ́ tí mo mú wọn lọ sí Ìbàdàn láti gba bátànì ẹnu wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró yí àga ká, àwọn ọmọ tí wọ́n lè pè ní ọmọ-ọmọ. Mo ní kí Bàbá lanu, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì ń fi ìka tọ́ka fún àwọn ọmọ náà: ẹ wo ibí, ẹ wo ọ̀hún. Bí mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, bàbá ló ń fi òkèlè sí ọmọ lẹ́nu. Bàbá tẹjú mọ́ òrùlé títí iṣẹ́ fi parí. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, láti Mọ́níyà títí dé Fìdítì, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu wọn. Bóyá ibẹ̀ ló ti bàjẹ́, bóyá ibẹ̀ sì kọ́. Wọn ò sọ fún mi rí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo rí ẹ́ńjìnnì náà. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo sì ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì bí a ṣe kúrò ní Fìdítì. Ẹ́ńjìnnì bàálù ayé àtijọ́ ni, ti ìgbà tí bàálù ṣì jẹ́ igi àti aṣọ. Sílíńdà mẹ́sàn-án tò yí àárín ká bí èèyàn ṣe ń jókòó yí abọ́ oúnjẹ ká, abẹ̀bẹ̀ onígi ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n tan án. Mo rò pé abẹ̀bẹ̀ nìkan ni yóò yí. Odindi ẹ́ńjìnnì ló ń yí! Sílíńdà, páìpù, wáyà, gbogbo wọn ló ń bá abẹ̀bẹ̀ yí, tí ọ̀pá irin àárín tí à ń pè ní kíránkì, èyí tó máa ń yí nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì tí mo mọ̀, dúró gbagidi nítorí pé wọ́n ti dè é mọ́ ara bàálù. Mo wò ó, mo tún un wò, ọkọ̀ gbé mi kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀, ọ̀kadà ni mo gùn padà.

Ẹ má bínú sí mi, ọmọ onílé ẹ̀rọ ni mí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè rí mi kó má mú mi. Ẹ̀rọ ìlọlùbọ́ ni bàbá mi fi tọ́ wa. Àwọn èèyàn á ti Akínmọ̀rìn gbé ẹ̀gẹ́ gbígbẹ wá, àwọn mìíràn á gbé àgbàdo, ilé ẹ̀rọ á funfun, Bàbá náà á funfun títí dé ìpéǹpéjú. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti bóòtù gbàǹgbà-gbàǹgbà de ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀, òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n sì kọ́ wa ni pé ìdí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jókòó. Bí ìdí rẹ̀ bá mì, gbogbo iṣẹ́ bàjẹ́. Bí wọ́n bá ń tún un ṣe, ọwọ́ wọn méjèèjì á wà lára irin, eyín ni wọ́n á fi di bóòtù mú, mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á máa ti àárín bóòtù bá oníbàárà nájà ọ̀rọ̀, wọ́n á máa ti ibẹ̀ bú èmi náà pé mi ò di tọ́ọ̀ṣì mú dáadáa, a ó sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí.

Mo gbé fóònù fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Wọ́n wò ó tán, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Irọ́ ni.”

“Bàbá, ẹ wò ó dáadáa, òun ló ń yí yìí.”

“Nínú fóònù. Ṣebí inú fóònù yìí náà ni ẹ ti fi ewúrẹ́ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì hàn mí.”

“Ti ewúrẹ́ yàtọ̀, Bàbá. Òótọ́ lèyí.”

“Ẹ́ńjìnnì tó ń jó! Ibo ni epo máa gbà wọ inú ẹ̀? Ṣé ẹni tó fẹ́ rọ epo sí i á máa sáré yí i po ni? Ìdí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jókòó. Bó bá ń yí, kí ló wá jókòó?”

“Kíránkì ló jókòó. Inú kíránkì ni epo ń gbà wọlé, ihò wà nínú ẹ̀.”

“Irọ́ ni,” wọ́n tún wí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti kúrò lẹ́nu wọn, wọn ò sì mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá mi. Kí n tó rò ó, ẹnu mi ti sọ pé màá ṣe ọ̀kan, màá ṣe é ní kékeré, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, torí ìròyìn ò tó àfojúbà. Wọ́n ní kí n ṣe é kí àwọn wò ó. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò wọ bàálù rí títí dòní, bàálù ò sì jẹ mí lógún. Mo kàn fẹ́ kí bàbá mi tún bá mi jiyàn.

Gbogbo Sátidé ni mo ń gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Bí mo ṣe ń ṣe eyín ni mo ṣe ṣe sílíńdà, nítorí mi ò mọ ọ̀nà mìíràn. Mo fi ìda gbẹ́ ọ̀kan, tó ga tó ìka àárín, mo sì fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gbẹ́ etí wẹ́wẹ́ sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí àwọn etí yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kí irin má baà gbóná jù. Iṣẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Mo rì í sínú ẹfun tí a fi omi pò, èyí tó ń le bí òkúta, mo fi omi gbígbóná yọ́ ìda náà jáde, ojú rẹ̀ sì kù sínú ẹfun. Ibẹ̀ ni mo wá ń di oògùn eyín sí, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣe èrìgì fún eyín àtọwọ́dá, tí mo sì ń sè é kó lè gan. Ìyàwó mi rí ohun tí mo ń sè nínú ìkòkò rẹ̀, ó ní, “Dádì, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra ìkòkò tèmi.

Ìwàǹwára ba àwọn àkọ́kọ́ jẹ́. Bí omi bá hó kíákíá jù, oògùn náà á ní ihò wẹ́wẹ́ lára, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Gbogbo wọn ni mo dà nù. Àwọn tó tẹ̀ lé e dára, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gún régé, mo tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn lórí tábìlì. Bàbá mi jáde láti yàrá, wọ́n dúró tì mí, wọ́n sì mú ọ̀kan.

“Kí lèyí?”

“Sílíńdà ni, Bàbá.”

Wọ́n gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀. Mi ò tíì rò nípa àwọ̀ rẹ̀ rárá. Àwọ̀ èrìgì ni, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹnu ọmọ tuntun, òun náà ni gbogbo oògùn tí mo ní.

“Ó ní èrìgì,” Bàbá wí. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. “Ẹ́ńjìnnì elérìgì! Kò sì léyín kankan.” Wọ́n wá bá sílíńdà sọ̀rọ̀, ojú koko: “Ẹgbẹ́ mi ni ọ́.”

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ẹnu wọn là sílẹ̀ gbayawu, wọn ò rántí fi ọwọ́ bò ó. Ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n ni. Mo sọ pé màá kun wọ́n ní dúdú kí wọ́n lè jọ irin. Bàbá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kun ẹgbẹ́ àwọn ní nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé tábìlì síta, Bàbá á gbé àga tiwọn tì í. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe. Bí wọ́n bá rí i tí mo ń di èémí mú láti ti wáyà tín-ín-rín bọ ojú ihò, wọ́n á ní, “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n,” ìyàwó mi á sì fi gèlè bo ojú wọlé. Sípóòkì kẹ̀kẹ́ ni mo gé ṣe ọ̀pá tó ń ṣí ẹnu sílíńdà. Páìpù bàbà tín-ín-rín ara fíríìjì tó ti kú ni mo tẹ̀ ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́. Fún àárín tó di gbogbo wọn mú, mo gbẹ́ bátànì onígi, mo sì gbé e lọ bá àwọn tó ń rọ ìkòkò alumíníọ̀mù ní Ọ̀yọ́, pé kí wọ́n bá mi dà á. Ọ̀gá wọn ka ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní ìkòkò wo nìyí, àbí asẹ́ ni. Bàbá ní kí n tún ìtàn yẹn sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé epo lárà ni wọ́n ń rọ sí ẹ́ńjìnnì náà kó má baà gbẹ, pé bó ṣe ń yí ló ń tu epo ọ̀hún sójú àti ẹnu awakọ̀, Bàbá jókòó dáadáa. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, epo yẹn ni wọ́n ń fún wọn mu láti fi fọ ikùn. “Ń ṣe ni awakọ̀ á máa wá ibi tó máa sọ̀ kalẹ̀ sí kíákíá,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ìka wọn ṣe bàálù tó ń sáré wá ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi.

Ẹ̀rín yẹn ò wọ ikùn wọn lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Abọ́ oúnjẹ wọn ṣì ń padà sí ilé ìdáná bó ṣe lọ. Lọ́sẹ̀ tí mo parí písítìn tó ń wọlé-jáde nínú sílíńdà, òòyì kọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, wọ́n ṣubú, àwọn èèyàn sì gbé wọn wálé. A gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí àìsàn kan, ebi ló ń pa Bàbá. Ebi, nínú ilé mi! Mo bínú débi pé mo gbé ife eyín láti ojú fèrèsé wá síwájú wọn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run. Bí kò bá dáa, ẹ sọ ibi tí kò ti dáa.”

Wọ́n wo ife náà, wọ́n wò mí.

“Lọ ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Mi ò ṣe é. Mo gbé aṣọ bo gbogbo rẹ̀, mo sì gbé tábìlì wọlé. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ṣe? Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń ṣe eyín fún ẹni ẹlẹ́ni, inú ń bí mi sí gbogbo ẹni tó bá sọ pé ó bá òun mu. Bí Sátidé bá dé, màá lọ ro ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti di wàhálà láàárín wa. Ibẹ̀ ni Bàbá wá bá mi lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ọ̀pá tìlẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹgbẹ́ mi ọjọ́sí dà? Ṣé irọ́ fóònù ti já ni?” Bí wọ́n ṣe mọ ibi tí wọ́n á gbé ìka lé lára mi kó dùn mí nìyẹn. Mo tún gbé tábìlì jáde.

Ọjọ́ Àìkú kan ló wá ku kí n dè é pọ̀. Ìyàwó mi ti lọ sí àsàlátù, èmi àti Bàbá nìkan la wà nílé. Àárín ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ ìdajì méjì, bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Ẹsẹ̀ gbogbo sílíńdà gbọ́dọ̀ dúró lójú ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí písítìn kọ̀ọ̀kan wà nínú tirẹ̀, kí n tó gbé ìdajì kejì dé e, kí n sì fi síkúrù wẹ́wẹ́ tí mo tú lára rédíò tó ti kú dè é yí ká. Bí mo bá to mẹ́fà dúró, méjì á dùbúlẹ̀. Mo fi ìda lẹ̀ wọ́n, oòrùn yọ́ ìda. Mo fi rọ́bà dè wọ́n, rọ́bà fa gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bú ẹ́ńjìnnì náà, mo sì bú ẹni tó kọ́kọ́ rò ó.

“Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,” Bàbá wí, wọn ò sì sọ èyí tó kù.

Wọ́n dìde, wọ́n wá sídìí tábìlì, wọ́n sì na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ tó ti fa bẹ́líìtì ẹ̀rọ láti ìgbà èwe ṣì fẹ̀. Wọ́n fi gbá gbogbo sílíńdà mọ́ra, kò sí èyí tó mì. Mo gbé ìdajì kejì dé e. Ó wọlé! Ọwọ́ mi kan ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀kan mú irin tí mo fẹ́ fi dè é, síkúrù wà nínú abọ́ ní òdìkejì tábìlì. Bí mo bá ti na ọwọ́ sí abọ́, ọmọrí á gbéra.

“Kó o sí mi lẹ́nu,” Bàbá wí.

Wọn ò rò ó kí wọ́n tó sọ ọ́, ìṣe ọjọ́ pípẹ́ ni. Mo fa abọ́ mọ́ra, mo mú síkúrù mẹ́rin, mo fi wọ́n sí àárín ètè wọn. Wọ́n pa ẹnu dé. Ọ̀kan yọ̀, ó bọ́ sórí tábìlì, itọ́ fà tẹ̀ lé e. Òmíràn yọ̀. Wọ́n gbìyànjú láti fi èrìgì di àwọn yòókù mú, irin tín-ín-tín wọ̀nyẹn ń yí kiri lẹ́nu wọn, gbogbo wọn sì bọ́ sílẹ̀. Mo sọ pé kò burú, Bàbá, mo sọ pé ẹ jẹ́ ká dúró de ìyàwó mi. Wọ́n tú ọwọ́ sílẹ̀, sílíńdà wó lulẹ̀ yangara, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn.

Mo jókòó ti ìdọ̀tí mi. Mo ń sọ lọ́kàn pé èmi ni mo tún mú bàbá mi tẹ́, nínú ilé wa, nítorí ohun ìṣeré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa síkúrù nílẹ̀, mo sì pinnu pé bí mo bá ṣà á tán, màá kó gbogbo rẹ̀ dà sínú àpótí.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Mo gbójú sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi ti kún. Ojú tó ń wò mí ni ojú tó máa ń wò mí láti inú ìyẹ̀fun ẹ̀rọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ti gbàgbé pé bó ṣe rí nìyẹn.

“Kí lò ń wò?” Ohùn wọn nípọn díẹ̀, bíi ti ẹni tó gbé òkèlè sẹ́nu. “Kó síkúrù wá.”

Wọ́n tún gbá sílíńdà jọ. Mo tún gbé ọmọrí dé e. Wọ́n yọ ẹnu sí mi, mo to síkúrù sí àárín eyín tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, wọ́n sì deyín mọ́ ọn. Ó dúró. Mo ń yọ ọ́ lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dè é, wọ́n sì ń ti àárín síkúrù pàṣẹ fún mi: “Má dè é pa tán! Lọ sí òdìkejì ná. Òdìkejì, mo ní, ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń dè é níbi iṣẹ́ yín nìyẹn?” Mo ní kí wọ́n má gbé e mì o. Wọ́n ní ẹni tó ti mu epo lárà ò bẹ̀rù síkúrù. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni mo gbọ́, kò sí èyí tó fò mí.

Mo de kíránkì mọ́ ìdúró onígi tí mo ti ṣe sílẹ̀, mo sì fi ìka kan ti abẹ̀bẹ̀ onígi tí mo ti so mọ́ iwájú rẹ̀. Odindi ẹ́ńjìnnì yí. Gbogbo sílíńdà elérìgì sáré tẹ̀ lé ara wọn, písítìn ń wọlé, ó ń jáde, kò sí ariwo kan ju fìrìfìrì afẹ́fẹ́ lọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ìka kan orí kíránkì tó yọ lẹ́yìn, wọ́n fi í síbẹ̀ títí yíyí náà fi rọlẹ̀.

“Kò yí lóòótọ́,” wọ́n wí. “Òun ló jókòó.” Wọ́n nara dìde díẹ̀díẹ̀. “Wèrè ni àwọn tó ṣe é.”

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Wọ́n padà sórí àga, wọ́n fi ahọ́n wá nǹkan kiri lẹ́nu, wọ́n fajú ro.

“Eyín rẹ yìí,” wọ́n ní, “ó ń gún mi. Apá òsì, nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń gún mi.”

Ojú mi kún, mi ò purọ́. Mo mú fáìlì tí mo fi rẹ́ etí alumíníọ̀mù, mo gbọ̀n ọ́n sí orókún mi, mo sì nù ún mọ́ aṣọ mi. Bàbá yọ eyín náà fúnra wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, itọ́ ń bẹ lára rẹ̀, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ha á níbi tí wọ́n wí, mo fọ̀ ọ́ nínú ife, mo dá a padà fún wọn. Wọ́n fi í sẹ́nu, wọ́n pa eyín pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Ó kù díẹ̀,” wọ́n ní.

Mo tún na ọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò yọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n sì la ẹnu.